Gílóòbù Kọ́ Ló Ń Jẹ Owó Rẹ

Àbúrò mi, jókòó kí n sọ nǹkan kan fún ọ kí òtútù tó dé.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé fúláàtì tí mo ń gbé lẹ́yìn Camberwell Green ní London, àwọn ọmọ mi ò lè tan iná sílẹ̀ kí n má pariwo. "Ta ló fi ti bálùwẹ̀ sílẹ̀?" Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn, láyé NEPA. Ṣùgbọ́n hítà kékeré kan tí mo rà ní Rye Lane wà nídìí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń fẹ́ ooru láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Mo gbà pé bó ṣe kéré tó, kò lè jẹ iná púpọ̀. Owó tí mo bá fi sí mítà lọ́jọ́ Ajé kì í rí Ọjọ́bọ̀.

Iná la ń pe ti gílóòbù, iná la ń pe ti hítà, iná náà la fi ń se ọbẹ̀, a wá rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Gílóòbù LED kan ń lo wáàtì 9. Hítà mi ń lo 2,000. Iná tí hítà yẹn jẹ ní wákàtí kan, gílóòbù á fi tàn ju wákàtí 220 lọ. Tí yúníìtì kan bá jẹ́ péńsì 25, wákàtí mẹ́fà hítà ti di pọ́n-ùn mẹ́ta, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo! Pa gílóòbù, ó dáa, ṣùgbọ́n ooru ni kí o máa ṣọ́: hítà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kẹ́tùlù tí o rọ omi kún nítorí ife tíì kan.

Yúníìtì gáàsì kan kò tó ìdá mẹ́ta owó ti iná mànàmáná, nítorí náà tí o bá ní bọ́ílà, òun ni kí o lò. Tí o bá sì wà nínú ẹ́sítéètì Southwark tí bọ́ílà ńlá kan ń gbé ooru fún gbogbo ilé, owó ooru sábà máa ń wà pẹ̀lú owó ilé. Tí o bá tún tan hítà, ẹ̀ẹ̀mejì lo ń sanwó.

Thermostat tí a fi ń yan ìwọ̀n ooru ilé kì í ṣe tọ́tù mọ́tò. Yí i sí 19 tàbí 30, bí ilé ṣe máa yára gbóná kò yàtọ̀; ibi tí ooru máa dúró ló yàtọ̀. Má sì fi í sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti fèrèsé. A máa ń fi àkísà dí ihò kékeré tó wà lókè rẹ̀ kí ooru má bàa jáde, a sì sá aṣọ tútù sórí rédíétọ̀ nínú yàrá kan náà. Omi inú aṣọ yẹn ò ní ibi tí yóò gbà, ara ògiri ló ń bà sí. Lẹ́yìn wọ́dúróòbù ni ebu dúdú ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ ọmọ. Jọ̀ọ́, yọ àkísà yẹn lónìí. Dé ìkòkò pọ́nmọ́ rẹ, ti ilẹ̀kùn kíṣínì, kí o sì ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí mítà gáàsì rẹ bá jẹ́ èyí tí à ń fowó sí ká tó lò ó, má gbàgbé rẹ̀ nígbà ooru. Wọ́n ń yọ owó kan lójoojúmọ́ bí o kò tilẹ̀ tan nǹkan kan, ó sì ń kóra jọ di gbèsè. Òtútù àkọ́kọ́ á dé, wàá fi 20 pọ́n-ùn sí i, mítà á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì kí ilé tó gbóná rárá. Máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i láti oṣù kẹfà.