Ìfẹ́ Ọlọ́run fún Òní

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Tẹsalóníkà 5:12–24, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:6–34

Nígbàkúùgbà tí ìdánwò àṣejáde bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan a máa jẹyọ láàárín àwa ọmọ ilé-ìwé Kristẹni: "Kí ni ìfẹ́ Ọlọ́run fún ìgbésí ayé mi?" Ohun tí a sábà ń bèèrè gan-an ni iṣẹ́ tí a óò ṣe, yunifásítì tí yóò gbà wá, àti ẹni tí a óò fẹ́. Ìbéèrè rere ni, ó sì yẹ kí a gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa fi ìbẹ̀rù bèèrè rẹ̀. Wọn a máa wá aríran kiri, bí ẹni pé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀nà pamọ́ fún àwọn ọmọ Rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn sí àwọn ará Tẹsalóníkà. Ó kọ̀ fún wọn láti máa gbẹ̀san, ó rọ̀ wọ́n láti wá ire gbogbo ènìyàn, ó pè wọ́n sí ayọ̀, àdúrà àti ọpẹ́, ó sì fi yé wọn pé ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn nìyí (ẹsẹ 15–18). Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe lónìí. Ọmọ tí kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an ní òwúrọ̀, kí ni yóò fi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ṣe?

1. Ayọ̀ tí ó ní ojú àánú

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú ìdẹ̀ra ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kí Pọ́ọ̀lù àti Sílà tó dé Tẹsalóníkà, wọ́n ti jẹ ẹgba ní Fílípì, a sì ti kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn nínú túbú. Síbẹ̀, ní ọ̀gànjọ́ òru, orin ìyìn ni àwọn òǹdè gbọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí ilẹ̀kùn sì ṣí, onítúbú fa idà yọ láti pa ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ni ó ké sí i pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìrora tirẹ̀ ti bò lójú kì bá tí ronú kan ẹ̀mí ẹni tí ó tì í mọ́lé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, onítúbú ti wẹ ọgbẹ́ wọn, ó ti gbé oúnjẹ síwájú wọn, òun àti ilé rẹ̀ sì ń yọ̀. Ayọ̀ bí iṣẹ́ rere, iṣẹ́ rere náà sì bí ayọ̀.

2. Iṣẹ́ rere tí ó wà nítòsí

Ẹ̀wù tí Dọ́kásì rán ni àwọn opó Jọ́pà fi han Pétérù pẹ̀lú omijé (Ìṣe 9:39). Bíbélì kò sọ pé ó rí ìran kí ó tó mú abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-ìwé: ẹlẹgbẹ́ wa tí ìṣirò kò yé, ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní tí àárò ilé ń sọ, aláìsàn tí kò lè pọn omi, akólòlò tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. A kò nílò àlá kí a tó mọ ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ kí a ṣe fún wọn.

3. Ọ̀nà a máa là fún ẹni tí ó ń rìn

Ẹ̀mí Mímọ́ dí ọ̀nà Éṣíà mọ́ Pọ́ọ̀lù. Ti Bítíníà náà kò ṣí. Kò jókòó ti ìbànújẹ́. Ó tẹ̀síwájú dé Tíróásì, ibẹ̀ ni a sì ti fi Makedóníà hàn án. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí a tú u sílẹ̀ tí ó dé Sàró, ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá níwájú rẹ̀, ó sì kọ́ wọn. Ta ni ó lè mọ̀ nígbà náà pé yóò di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí yóò sì wà lára àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa?

Ìkìlọ̀ kan kù. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dùn mọ́ wa ni ti Ọlọ́run; ìdí nìyí tí a fi ní láti dán ohun gbogbo wò (ẹsẹ 21). Ayọ̀ tí ó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún, tàbí èyí tí a fi jíjí ìwé wò rà, kì í ṣe tirẹ̀.

Fún ìjíròrò

1. Kí ni ó yà ayọ̀ Pọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ sí fàájì?
2. Ta ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ wa kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?
3. Iṣẹ́ wo ni Ọlọ́run ti rán wa tí a kò tíì jẹ́?

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń yọ̀ àti ọwọ́ tí ń ṣe rere lónìí. Ọ̀la wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Àmín.