Bí A Ṣe Ń Bá Olórin Ìgbéyàwó Ṣiṣẹ́

Ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orin tí yóò dùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí olórin tó fọwọ́ kan gìtá ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ní Ìjù, lójú ọ̀nà Ìdíìrókò ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ọjọ́ Sátidé ni ọ̀pọ̀ ìnáwó máa ń bọ́ sí, ọjọ́ yìí kan náà sì ni gbogbo ìlú láti Èkó dé Abẹ́òkúta ń wá olórin. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dáńtọ́ ní láti tètè lọ bá a, kó sì mọ ohun tí òun ń wá. Ẹgbẹ́ jùjú pípé lè ju ènìyàn 15 lọ: onígìtá, onígángan, onílù ńlá, àwọn elégbè àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Pèpéle, iná àti ààyè ni wọ́n nílò. Tí òde bá jẹ́ ti abẹ́ kánópì méjì ní àdúgbò, onígángan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ oríkì á mú un dùn ju ẹgbẹ́ ńlá tí kò ríbi nasẹ̀ lọ.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó tí wọ́n bá ti dárúkọ kì í sábà dìjà. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ṣé ọ̀gá olórin fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ ni, àbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀? Wákàtí mélòó ni wọn yóò fi kọrin? Ta ló ni sípíkà, ta ni yóò ra epo jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò sanwó mọ́tò? Bí òde bá kọjá àsìkò, èló ni wákàtí kan? Gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìwé, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí owó àsansílẹ̀ sì ní rìsíìtì.

Owó tí àwọn àlejò ń ná lójú agbo wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí owó níná ti jẹ́ apá kan èrè olórin, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fi ọkàn sí i nígbà tí wọ́n bá ń dá iye. Ṣùgbọ́n abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà, jíjó lórí rẹ̀ àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí olóde gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle, kí àwọn àlejò máa fi àpòòwé sí i, tàbí kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì olórin. Kí wọ́n sì ti sọ ọ́ ṣáájú bóyá olórin ló ni gbogbo rẹ̀, tàbí òun àti tọkọtaya ni yóò jọ pín in.

Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ orúkọ ló jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olóde ń gbàgbé. Ní òde Yorùbá, ènìyàn ni olórin ń kì. Yusuf Ọlátúnjí, ọ̀gá onísákárà ní Abẹ́òkúta, kú ní 1978, síbẹ̀ orúkọ àwọn tó kì ṣì ń dún nínú àwo rẹ̀. Olórin tí wọn kò fún lórúkọ yóò máa kì ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù, bàbá ìyàwó yóò sì jókòó títí òde yóò fi tú láìgbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó kéré tán, ó yẹ kí ìwé orúkọ ti dé ọwọ́ ọ̀gá olórin ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: orúkọ òbí, oyè wọn, orílẹ̀ wọn, àti ẹni tó yẹ kó ṣíwájú ẹni. Kí ìwé náà sọ ẹni tó ti kú. Olórin tó ń bẹ bàbá tó ti dolóògbé pé kó dìde jó ti da omi tútù sí gbogbo agbo lára, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà àti Sàngó ti kó ènìyàn jọ láti gbogbo Nàìjíríà, nítorí náà àna lè jẹ́ Ẹ̀gùn, Ígbò tàbí Ùròbò láàárín àwọn Àwórì onílé. Kí ẹnìkan pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sórí fóònù ránṣẹ́ sí olórin, kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Àwọn àgbà tó jókòó ní iwájú sípíkà kò ní lè kí ara wọn, aládùúgbò tó sì ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní ilé iṣẹ́ ń gbìyànjú láti sùn. Nígbà tí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò, kí aṣojú olóde lọ jókòó síbi tí àwọn òbí yóò jókòó, kó sì fi etí ara rẹ̀ wọn ariwo náà. Kí jẹnẹrétọ̀ olórin dá wà, kí firíjì má bá a fa iná nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àkókò òjò, ó yẹ kí orí pèpéle ní ìbòrí tí kò jò: omi àti wáyà iná kò gbọdọ̀ pàdé, awọ ìlù tó bá sì tutù kì í fọhùn dáadáa.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ olórin gbọ́dọ̀ ní àwo tirẹ̀ àti àkókò tirẹ̀, kó tó kan ìgbà tí alásè yóò máa ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Sàngó lè gba wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, nítorí náà aago tí wọ́n bá dá fún olórin gbọ́dọ̀ ṣáájú ti àlejò dáadáa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kí olórin máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ọkọ tàbí ìyàwó. Òun ni yóò sọ fún un pé alága ìjókòó fẹ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé ó tó àkókò tí tọkọtaya ń wọlé, tàbí pé ìdílé kò fẹ́ orin ìpolówó ọtí nítorí àwọn àlùfáà tó wà níjókòó. Òun náà ni yóò san àṣẹ́kù owó fún mànéjà olórin níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ, kí àwọn tó ń padà sí Abẹ́òkúta tàbí Èkó lè tètè bọ́ sọ́nà.