Gbèsè Nàìjíríà àti owó oṣù tíṣà Oǹdó: Níbo ni wọ́n ti pàdé?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ lásìkò tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́. Tíṣà á ní owó òun ti tán kí òun tó dé ọjà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Alágbàka á ní àwọn IMF ló fà á. Awakọ̀ á ní gbèsè tí ìjọba jẹ ló ń pa wá. Èwo ló tọ̀nà nínú wọn? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí ìkòkò rẹ̀ ti ń jò kò lè mọ ibi tí yóò dí.

Iye tí a kà àti ohun tó lè rà

Lọ́dún 1981, N125 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà. Náírà lágbára ju dọ́là lọ nígbà náà, N125 sì tó nǹkan bí $200. Lọ́dún 2011, ó di N18,000, èyí tó tó nǹkan bí $120. Lọ́dún 2019, ó di N30,000. Iye yẹn kò tó $100 mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí N70,000. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, Gómìnà Lucky Aiyedatiwa kéde N73,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Níwọ̀n bí dọ́là kan ti ń lọ sí nǹkan bí N1,600 nígbà náà, N73,000 kò ju nǹkan bí $45 lọ.

Ẹnìkan lè ní, "Èmi kì í ná dọ́là." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí Àkúrẹ́, dọ́là ni wọ́n fi ń ra púpọ̀ nínú wọn wá. Bí náírà bá ti ṣubú, ọjà á gbówó lórí, owó oṣù á sì dúró síbi tó wà.

Ojú owó àti èlé

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kò dín gbèsè kù rárá. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, kí ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Gbèsè orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí èyí.

Lọ́dún 1978, Nàìjíríà yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báǹkì òkèèrè. Nígbà tí owó epo rọ̀pì já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, ìjọba ń yá òmíràn, kò sì lè san ti tẹ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Èlé ń gorí èlé, owó ìtanràn ń gorí rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2005, nǹkan bí $30 bílíọ̀nù la jẹ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Paris Club. Ọdún náà ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti mínísítà ètò ìnáwó, Ngozi Okonjo-Iweala, bá wọn ṣàdéhùn: wọ́n fagi lé $18 bílíọ̀nù, àwa san nǹkan bí $12 bílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà parí ní oṣù kẹrin ọdún 2006.

Bó ṣe dé Alágbàka

Kí owó ìpínlẹ̀ tó kúrò l'Ábújá, wọ́n ti yọ gbèsè kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń san owó oṣù. Láàárín ọdún 1995 sí 2002, wọ́n yọ jù nítorí gbèsè Paris Club. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó náà padà ní ìparí ọdún 2016, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ní kí àwọn gómìnà fi ó kéré tán ìdajì rẹ̀ san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní oṣù keje ọdún 2017, wọ́n tún fún àwọn ìpínlẹ̀ ní N243.79 bílíọ̀nù. Bí ẹ kò bá gbàgbé, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ Oǹdó ní owó ọ̀pọ̀ oṣù. Gbèsè tí wọ́n ti dárí rẹ̀ jì wá ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ṣáájú ṣì ní ọwọ́ nínú bóyá tíṣà á jẹun.

Gbèsè tó ń wú láìyá kún un

Ká ní ìyá oníṣòwò kan l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, yá owó tó tó àpò kòkó kan, tó sì ṣèlérí pé kòkó ni òun yóò fi san án. Bí kòkó bá wọ́n, bó ṣe wọ́n lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, gbèsè ìyá náà ti pọ̀ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ yá kọ́bọ̀ kún un.

Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè dọ́là rí. Àjọ DMO tó ń mójú tó gbèsè fi hàn pé ní ìparí ọdún 2022, $41.69 bílíọ̀nù la jẹ lókè òkun, ìyẹn N18.70 tírílíọ̀nù. Ní ìparí ọdún 2024, ó di $45.78 bílíọ̀nù. Iye dọ́là tó lé sí i kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé náírà ti ṣubú láti oṣù kẹfà ọdún 2023, gbèsè náà di N70.29 tírílíọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin!

Ṣé IMF ló wà nídìí rẹ̀?

Ìfura àwọn èèyàn kò ṣàdédé wáyé. Lọ́dún 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ní kí aráàlú sọ èrò wọn lórí owó tí ìjọba fẹ́ yá lọ́wọ́ IMF. Aráàlú kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì ní òun kò yá a mọ́. Lọ́dún 1986, ètò SAP dé: náírà já wálẹ̀, wọ́n tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká. Oògùn tí aráàlú ní àwọn kò lò, inú ẹ̀kọ ni wọ́n pò ó sí fún wọn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka ìwé gbèsè bó ṣe wà. $3.4 bílíọ̀nù tí a yá lọ́wọ́ IMF nígbà àrùn Kòrónà lọ́dún 2020, a ti san ojú owó rẹ̀ tán ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Báǹkì Àgbáyé àti àwọn tó ra ìwé gbèsè Eurobond la jẹ jù lókè òkun. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé nínú N144.67 tírílíọ̀nù tí gbogbo gbèsè wa jẹ́ ní ìparí ọdún 2024, abẹ́lé la ti yá N74.38 tírílíọ̀nù. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà wà lára rẹ̀, nítorí àwọn tó ń tọ́jú owó náà ń fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ra ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bú olówó èlé lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó yá ìjọba lówó!

Ohun tó yẹ ká máa bèèrè

Òfin Fiscal Responsibility ti ọdún 2007 ní iṣẹ́ àkànṣe àti ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn nìkan ni ìjọba lè torí rẹ̀ yáwó. DMO ń gbé gbèsè ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé rí. Nítorí náà, bí ìjọba bá tún fẹ́ yáwó, ìbéèrè mẹ́ta ni kí òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ bá aṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin: Kí la fẹ́ fi owó náà ṣe? Ṣé náírà la ó fi san án ni àbí dọ́là? Èló ni wọn yóò máa yọ lóṣooṣù kí owó oṣù tó kàn?

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ìjọba ló ń yá ẹgbẹ̀fà. Tíṣà Oǹdó ni igi wó dí lọ́nà.