Kẹ̀kẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìwó: Ẹni Ẹ̀yìn Ló Ni Eré

Ìwó Olódò Ọbà la wà, a ò sí létí òkun. Atẹ́gùn tí ń tu àwọn oníkẹ̀kẹ́ lára ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn ni tiwa, àti ọ̀nà tóóró tí bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ń bá wa dù. Bí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ ọdún 13 sí 18 jáde láti fi kẹ̀kẹ́ kọ́ra, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí wọn. Ẹ mú àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, kí gbogbo yín sì ti wọlé kí aago 9 tó lù. Nígbà ọyẹ́, bí kùrukùru bá bo ọ̀nà, ẹ dúró kó ká.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọn yóò gbé wá, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ló fi díje nínú eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní keirin. Ṣùgbọ́n bíréèkì kì í ṣe ohun àforítì. Kí ọmọ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú kó sì tẹ̀ ẹ́. Bí táyà bá ṣì ń yí, kẹ̀kẹ́ náà ò jáde lónìí. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà fúnra rẹ̀, ẹ fi han fọkanáísà. Ẹni tí kò bá ní akoto kò gbọdọ̀ bá yín lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ híjáàbù lè lo èyí tó fẹ́lẹ́ lábẹ́ akoto, kí wọ́n ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ẹ fi róbà dì í.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń fi ẹni tó yára jù síwájú. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le jù sí, pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù, tíúbù, sípánà àti fèrè. Kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ tó kẹ́yìn, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ yẹn kò bá lè sọ̀rọ̀ kan délẹ̀ láìmí hẹlẹ, eré ti pọ̀ jù. Kí ẹni ẹ̀yìn fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, kí iwájú dẹ̀rọ̀; lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo yín dúró. Àgbàlagbà tó mọ ọ̀nà ni kó wà níwájú, kó máa pe "Kòtò!" kí wọ́n sì máa gbà á lẹ́nu ara wọn títí dé ẹ̀yìn.

Ẹ tò lẹ́sẹẹsẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ọkọ̀ ṣe ń rìn ní Nàìjíríà láti ọdún 1972. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìyẹn wà fún. Kí àyè tó tó gígùn kẹ̀kẹ́ kan wà láàárín ọmọ méjì, kó sì fẹ̀ sí i bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kí ọkọ̀ tó ń yà wọ́n lè rí àyè wọlé. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni ẹ̀yìn tirẹ̀.

Pápá ilé ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: wíwo ẹ̀yìn láìyẹ̀, fífi ọwọ́ kan mu omi. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ Olúpọ̀nnà kí ẹ padà. Tó bá yá, Ilé-Ogbó. Títì Ìbàdàn àti ti Òṣogbo kì í ṣe ti akọ́ṣẹ́. Bí òkè bá ga, kí ọmọ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní gíà sọ̀, kó tì í.

Ẹ̀kọ àti àkàrà díẹ̀ kí ẹ tó jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà níbi tí ẹ ti ń yípadà. Kí wọ́n máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Ọmọ tí òòyì ń kọ́ tàbí tó ń sọ kántankàntan, ẹ gbé e sí ìbòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá wáyé, 122 ni nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Nígbà ìpadàbọ̀, àwọn kan yóò fẹ́ yà sílé wọn lójú ọ̀nà. Ẹ má gbà. Pápá ni kí gbogbo wọn padà sí, kí ẹ kà wọ́n níbẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú ká.