Àbàwọ́n Omi Lára Àjà Ilé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nínú àwọn ìwé tí ẹ fi ń tọrọ ẹ̀yáwó, a ti rí èyí tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ gbogbo àjà ilé nítorí àbàwọ́n omi. Ẹ dúró ná. Àjà kọ́ ló ṣẹ̀, páànù ni. Ní ọ̀sán gangan, kí ẹnìkan gun òkè àjà, orí igi ni kí ó máa tẹ̀, kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọjú. Ìdí ìṣó tí ó ti dípẹtà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ dí i, kí òjò kan sì rọ̀ kọjá kí ẹ tó fọwọ́ kan àbàwọ́n náà.

Èyí tí ó bá ti rọ̀, òun nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Èyí tí ó le, ẹ po ìfe bílíìṣì kan mọ́ ìfe omi mẹ́ta, ẹ fi kànìnkànìn nù ún. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì po oògùn ìfọlé mìíràn mọ́ ọn. Bí ó bá gbẹ, ọ̀dà olóróró tí kì í dán ni ẹ ó kọ́kọ́ fi bò ó, nítorí àbàwọ́n a máa yọ jáde lára ọ̀dà olómi.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àjà ilé tí a kọ́ ní nǹkan bí 1970 sí 1990 ló ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ha á, ẹ má fọ́ ọ. Bí ẹ ó bá yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, kí ó sì jáde lódindi. Ní ilé ọmọ ẹgbẹ́ kan, a bá akunlé tí ń fi sáńpépà ha á, eruku ti bo ibùsùn ọmọdé. A ní kí ó sọ̀ kalẹ̀.