Ibùsọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ sí

Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀, tíì ọwọ́ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù: “Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ibùsọ̀ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ni bàlúù fi ń rìn ín.” (Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni bàbá mi ìbá pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn, ṣùgbọ́n ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Wákàtí tó dá, mo gbà á. Rírìn tí bàlúù ń rìn pàápàá, mo gbójú fò ó: ẹni tó jókòó sójú kan láti Ìkẹjà dé Heathrow ṣáà ń pe tirẹ̀ náà ní ìrìn-àjò. Ibùsọ̀ ni mi ò lè gbé mì.

Kìlómítà ni ohun tó tó 5,000. Bó bá jẹ́ máìlì, kò ju bíi 3,100 lọ, ibùsọ̀ tí wọ́n sì fi kọ́ àwa nílé ẹ̀kọ́, máìlì ni. Bí awakọ̀ bàlúù bá gba olóòtú wa gbọ́, tó fò tààrà títí máìlì 5,000 fi pé, yóò ti ré Lọ́ńdọ̀nù kọjá tipẹ́; orí òkun yìnyín ni yóò ti máa wá ibi tí yóò bà sí.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ibi tí a dó sí ni ibùdó, ibi tí a ń sùn ni ibùsùn. Sọ̀ inú ibùsọ̀, òun náà ni ti ìyá ọlọ́jà tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀.” Ibi tí aláàárù ti ń gbé ẹrù kúrò lórí ni, tó ń tún òṣùká ká, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sáyà. Ọrùn ló ń wọn ọ̀nà nígbà náà, kì í ṣe òkúta ẹ̀bá títì. Ẹni tó ru epo kì í rìn jìnnà tó ẹni tó ru òwú kó tó sọ̀. Ẹni tó ń gun òkè kì í pẹ́ wá ibòji. Ẹ wáá wo bàlúù: ó kó èrò, ó kó ẹrù, ó ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó ré òkun kọjá, kò sọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí aláàárù bá ní kó ka ọ̀nà yẹn fún wa, ibùsọ̀ kan ṣoṣo ni Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù!

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ibùsọ̀ di máìlì ló tú u kúrò lọ́rùn aláàárù. Èmi tí mo wáá ń jà fún máìlì lónìí, àṣìṣe àwọn àgbà ni mo gùn lẹ́ṣin. Kìlómítà ti gba ojú títì, ó sì ti gba ibùsọ̀ mọ́ ọn, mo túúbá. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Èkó tó ń pe Mile 12 ní Ibùsọ̀ Kejìlá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ tòmátò àti ata láti òkè Ọya ti ń sọ̀.