Ọmọ Tí Kò Tètè Mọ Póò

Lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó kọjá, ìyá kan nínú wa pè wá sẹ́yìn, ó ní kí a bá òun kọ nǹkan kan sínú ìwé yìí nítorí àwọn tó wà nírú ipò tí òun ti wà, tí ojú ń tì láti sọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ọdún márùn-ún, kò tíì mọ bí a ṣe ń jókòó lórí póò. Ilé-ìwé méjì ló dá a padà. Ìyá ọkọ ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a mójú tó ọmọ tó ń yàgbẹ́ sára, nítorí náà kì í lè jókòó ti ọjà rẹ̀ l'Ókè-Ajé ju wákàtí méjì lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò rí owó ìfipamọ́ san, a sì ń ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń jẹ gbèsè. A kò bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Àwọn dókítà ti sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà: ọ́tísíìmù. Dókítà Leo Kanner ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943, nípa àwọn ọmọdé mọ́kànlá tó yẹ̀ wò. Àwọn kan ń pè é ní àrùn òyìnbó, ṣùgbọ́n ní 1978 Victor Lotter tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó dé. Kì í ràn. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì ṣe pé ìyá kò tọ́ ọmọ. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ìdàgbàsókè ọmọ ní àmì. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹ kó máa yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún kan ń juwọ́ sí ẹni tó ń lọ. Tó bá di ọdún kan ààbọ̀, ó ń rìn, ó sì ń nàka sí ohun tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá òun wò. Lọ́dún méjì, ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: "Màámá wá", "omi tán". Bí ìwọ̀nyí kò bá sí, tàbí tí ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má jókòó kí ẹ máa ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ti yunifásítì wà ní Ṣágámù, Àrò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sì wà l'Ábẹ́òkúta. (A mọ̀ pé orúkọ Àrò ń ba àwọn ará wa lẹ́rù. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ o.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ póò. Àwọn ìyá wa a máa na ẹsẹ̀, wọn a gbé ọmọ lé e, wọn a ní "ṣìì, ṣìì", ọmọ a tọ̀. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè má tètè mọ̀ lára pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ó lè má rí ẹnu sọ ọ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wo ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kó ṣe é. Ẹnu póò tó tutù lè dà bí iná lára rẹ̀. Ihò ṣáláńgá lè ṣẹ̀rù bà á.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ ìyá yìí. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò gbé ọmọ lé póò rárá. Ó kàn mú ìwé, bí akápò wa ṣe ń mú ìwé owó, ó ń kọ ìgbà tí ọmọ jẹun, ìgbà tó tọ̀, ìgbà tó yàgbẹ́. Ó wá rí i pé lẹ́yìn ẹ̀kọ àárọ̀, bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọ a sá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oúnjẹ a máa ru ìgbẹ́ sókè nínú. Ọmọ tó sì ń sá pamọ́ ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé e jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún péré, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kí aṣọ rírọ̀ wà lẹ́nu póò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, "póò", títí kan ìyá àgbà. Nítorí pé ọmọ kì í sọ̀rọ̀, wọ́n ya àwòrán póò sórí páálí, kó lè máa mú un wá. Bó bá ti ṣe é, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún un ní ọmọrí ìkòkò tó fẹ́ràn láti máa fi pòòyì nílẹ̀. Bí kò bá ṣe é, wọn kò ní bínú.

Oṣù mẹ́jọ ló gbà wọ́n. Nígbà Ojúde Ọba tí àlejò kún ilé, gbogbo rẹ̀ dàrú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí ọmọ náà kì í tọ̀ sára lójúmọmọ mọ́. Tòru kò tíì tán, tòru a sì máa pẹ́ ju tọ̀sán lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ọmọ tí a nà nítorí ìgbẹ́ a máa há ìgbẹ́ mọ́nú, ìgbẹ́ a le, yíyà á a wá máa dùn ún, kò sì ní fẹ́ rí póò sójú mọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sábà rí ìgbẹ́ yà dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ fún wọn lómi dáadáa, ẹ má fi omi dù wọ́n torí kí aṣọ má baà tutù, ẹ fún wọn ní ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́, ẹ má sì da àgbo líle sí wọn lẹ́nu. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú ń run ọmọ, dókítà ló kàn, kì í ṣe póò.

Ìyá náà ní òun á mú ìwé yẹn àti páálí náà wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ mú àwọn ìyá àgbà dání.